Òfin lórí ìpara abóra: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹgbẹ́ ọlọ́jà ìpara ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìpara, ọṣẹ àti ohun ẹ̀ṣọ́ ara ní Dùgbẹ̀, Agbẹni, Gbági, Bódìjà, Alẹ́ṣinlọ́yẹ́ àti àdúgbò gbogbo la kọ èyí fún, pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ ń po ìpara nínú ilé. Bí ẹgbẹ́ ṣe lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí òfin ìpara abóra, kí ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n létí, ló dá lé. A kò gbèjà ìpara abóra níbí. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ta ojúlówó ọjà là ń gbèjà.

Kí ló kan ẹgbẹ́ ọlọ́jà nínú ọ̀rọ̀ òfin? Ṣebí ìjọba ló ni í?

Ìjọba ló ni òfin, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́jà ló mọ ohun tó ń lọ lọ́jà. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì lè má mọ̀ pé ìpara kan náà máa ń jáde nínú páálí méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀, tàbí pé wọ́n máa ń ra ike òfìfo, kí wọ́n rọ ìpara inú gálọ́ọ̀nù sí i, kí wọ́n sì lẹ àkọlé mọ́ ọn. Bí ẹgbẹ́ bá dákẹ́, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lòfin máa kọ́kọ́ bá, nítorí òun ló wà ní gbangba. Ẹni tó kó kọ̀ǹténà wọlé kò ní ìsọ̀ tí èèyàn lè dé bá a. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dáàbò bo ohun tó kàn wọ́n.

Kí ló wà nínú ìpara wọ̀nyí gan-an tí wọ́n fi ń lé wọn?

Nǹkan mẹ́ta ni, wàhálà ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ẹni tó bá máa ṣojú ẹgbẹ́ níwájú ìjọba gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn, torí ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ kò ní lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bi í.

Mẹ́kúrì ló burú jù. Ó máa ń dí iṣẹ́ mẹ́lánìn lọ́wọ́, mẹ́lánìn yìí ló sì ń fún awọ ara ní dúdú rẹ̀. Mẹ́kúrì kì í dúró lórí awọ. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó tún ń fẹ́ jáde bí ooru, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ìnura àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, débi pé ọmọ tí kò fi ìpara náà kan ara rí lè ní mẹ́kúrì lára látọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013 tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní kíkún ní 2018, ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n fòpin sí ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ nínú mílíọ̀nù kan. Gíráàmù kan péré nínú odindi tọ́ọ̀nù ìpara nìyẹn. Ní 2023 wọ́n mú ààlà yẹn kúrò: ìpara èyíkéyìí tí wọ́n bá fi mẹ́kúrì sí gbọ́dọ̀ dópin ní 2025. Kò sí àbá tí ẹgbẹ́ kankan lè kọ láti yí ìyẹn padà, kò sì yẹ kó gbìyànjú rẹ̀.

Ìkejì ni hydroquinone. Dókítà a máa lò ó fún àpá ojú fún ìgbà díẹ̀. Nínú ìpara ojoojúmọ́, lábẹ́ oòrùn ilẹ̀ wa, ó lè yí padà sí ohun tí à ń sá fún: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á di dúdú tó ní àwọ̀ búlúù, á sì rí gbágungbàgun. Ochronosis làwọn dókítà ń pè é, kì í sì í tètè lọ. South Africa lé e kúrò nínú ohun ẹ̀ṣọ́ ara ní 1990, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2001, Ghana ní 2016.

Ìkẹta ni steroid, irú clobetasol àti betamethasone. Oògùn ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìpara ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, á máa là ní itan àti apá, egbò kò sì ní tètè jinná. Oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ rán irú awọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, nítorí kì í di òwú mú.

Báwo la ṣe lè dá wọn mọ̀ nínú ìsọ̀ láì ní ilé àyẹ̀wò?

Ẹ gbé ike náà, ẹ yí i, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ẹ́ tó ka iwájú. Bí ẹ bá rí calomel, mercuric iodide, mercurous chloride, ammoniated mercury, mercurio tàbí Hg, mẹ́kúrì ni gbogbo wọn. Àwọn mìíràn kì í kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ á tú wọn fó: bí ìpara bá ní kẹ́ẹ má jẹ́ kó kan wúrà, fàdákà, alumí tàbí rọ́bà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìpara ojú wo ló yẹ kó máa ba òrùka jẹ́?

Ẹ ṣí i wò. Ìpara tó ní hydroquinone máa ń yí padà bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i: òkè rẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì funfun. Ẹ wá wo àkọlé. Bí kò bá sí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, tí kò sí nọ́ńbà ìdì (batch number), tí kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ má rà á. Nọ́ńbà NAFDAC nìkan kò tó, torí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sára bébà. Ẹ wá a lórí ojú-ìwé àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ọjà tó wà níbẹ̀ bá ti ọwọ́ yín mu. Ọdún 5 ni ìforúkọsílẹ̀ ń lò. Èyí tí wọn kò tún ṣe ti kú.

Ojú nìkan kò lè rí mẹ́kúrì tí wọn kò kọ. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní XRF, tó lè sọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ dáwó jọ kí wọ́n yẹ ọjà bíi mélòó kan wò dára ju kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan máa méfò lọ.

Mo ti ní páálí irú ìpara bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ṣé kí n tà á tán kí n má rà á mọ́?

Rárá. Ẹ má da á sí gọ́tà, ẹ má da á sí odò Ògùnpa, ẹ má sì sun ún. Bí ẹ bá sun ún, mẹ́kúrì inú rẹ̀ á di èéfín, ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ máa fà á símú. Ẹ fi ike kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá méjì, ẹ dì wọ́n, ẹ kó wọn sínú rọ́bà tó ní ọmọrí, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ àti iye rẹ̀ sí i lára. Kí ẹgbẹ́ wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìbàdàn pé àwọn fẹ́ fi í lé wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ lẹ́tà náà kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà láì ní ìwé kò ní ẹ̀rí pé ńṣe lòun ń lọ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ta gan-an la máa kọ̀wé sí?

Ibí lọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n á kọ lẹ́tà sí gómìnà lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ gómìnà.

Ìlànà ohun tó lè wà nínú ìpara, ìforúkọsílẹ̀ àti àkọlé wà lọ́wọ́ NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀ ló ń ṣe ìlànà, mínísítà ètò ìlera á sì fọwọ́ sí i. Kó tó di ìlànà, àjọ náà máa ń gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta kí aráàlú lè sọ tẹnu wọn. Àkókò yẹn gan-an ló ṣeyebíye jù. Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa wo ojú-ìwé wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Ìpolówó èké àti ẹ̀tàn sí oníbàárà jẹ́ ti FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin 2018. Ọjà tó ń gba ẹnubodè wọlé jẹ́ ti àwọn aṣọ́bodè. Ìṣàkóso ọjà, ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìbàdàn ní 11, márùn-ún nínú wọn wà láàárín ìgboro. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ ní Bódìjà, ọ̀dọ̀ Ìbàdàn North ló ń lọ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè ṣòfin lórí ìlera àti ọjà, ṣùgbọ́n oògùn àti májèlé wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí.

Báwo la ṣe ń kọ ìwé àbá tí wọn á kà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà. Ẹ pín ọjà sí láìnì, ẹni méjì fún láìnì kan, kí wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, kí wọ́n fa ìlà sí i: nọ́ńbà ìsọ̀, orúkọ ọjà, ilẹ̀ tí wọ́n kọ pé ó ti wá, bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà, bóyá a rí i lórí ojú-ìwé àjọ, ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ni ìsọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní jẹ́ kẹ́ẹ wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan tó. Nígbà tẹ́ẹ bá ṣe tán, ẹ ti ní ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ lè má ní.

Ìwé àbá kò gbọdọ̀ ju ojú-ewé méjì lọ. Ẹ fi àkójọ ọjà yẹn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: ẹni tẹ́ẹ jẹ́, ìsọ̀ mélòó lẹ ń ṣojú fún. Ìkejì: ohun tẹ́ẹ fara mọ́ nínú òfin náà, láì bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tẹ́ẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà abala rẹ̀. Ẹ má kọ pé "òfin yìí le jù". Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Abala tó sọ pé kí wọ́n ti ìsọ̀ lójú ẹsẹ̀: à ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fi kún un pé ẹni tó bá fi rìsíìtì hàn, tó sì dárúkọ ẹni tó tà á fún un, kí wọ́n gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n kí wọ́n má ti ìsọ̀ rẹ̀." Aṣòfin lè mú gbólóhùn yẹn bó ṣe wà kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òfin. Kò sí ohun tó lè fi "ó le jù" ṣe.

Ẹ tẹ ẹ̀dà tó pọ̀. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ọ̀kan padà fún yín pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn kò rí.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe lemọ́lemọ́. Ẹgbẹ́ pín sí méjì, lẹ́tà méjì tó tako ara wọn wọlé. Tàbí wọ́n fi ìdajì ìwé yin olóyè kí wọ́n tó débi ọ̀rọ̀. Tàbí wọ́n sọ iye tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù sì dòfo.

Kí ni ká béèrè fún tó bójú mu?

Lójú tiwa, mẹ́rin ló lágbára. Kí wọ́n dá àkókò sílẹ̀ tí ọlọ́jà lè jọ̀wọ́ ìpara búburú láì jìyà. Kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè àti ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń tà ní páálí, kó tó kan ìsọ̀ kéékèèké. Kí ìkìlọ̀ lára ike wà ní Yorùbá pẹ̀lú, torí ìyá àgbà tó ń ra ìpara ní Òjé kì í ka èdè Faransé tó wà lára rẹ̀. Kí ìforúkọsílẹ̀ sì rọrùn fún àwọn tó ń fi òrí, àdí àgbọn, osùn àti ọṣẹ dúdú ṣiṣẹ́, nítorí bí ọ̀nà tààrà bá ti há jù, ẹ̀yìn ni wọ́n á gbà.

Ẹ má béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí mẹ́kúrì wà. Ẹ má sì béèrè pé kí wọ́n sún gbogbo òfin síwájú láì sọ ọjọ́.

Ṣé àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kì í jà fún ọjà wọn ni?

Wọ́n ń jà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan dáadáa, torí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ funfun ń sanwó láti dùbúlẹ̀ nínú bẹ́ẹ̀dì oníná kí awọ wọn lè dúdú. Mẹ́lánìn tí àwọn èèyàn wa ń sanwó láti lé lọ ni wọ́n ń sanwó láti pè wá. Àwọn tó ń ṣe òwò yìí ní ẹgbẹ́, Indoor Tanning Association. Ní 2008 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolówó pé kò séwu níbẹ̀, pé kì í mú kí ewu jẹjẹrẹ awọ ara pọ̀ sí i.

Ní 2009, àjọ IARC tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi iná náà sí ìpele kìn-ín-ní nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, níbi tí sìgá wà. Ọdún yẹn náà ni Brazil fòfin dè é pátápátá. Ní oṣù kìn-ín-ní 2010, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìpolówó èké, mú ẹgbẹ́ yẹn lórí ìpolówó náà; wọ́n yanjú ẹ̀ pé láti ìgbà náà lọ, ìpolówó wọn tó bá ń sọ nípa ìlera gbọ́dọ̀ gbé ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ dání. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn aṣòfin ń wá owó sínú òfin ìlera tuntun ní Washington. Owó orí iṣẹ́ abẹ ẹ̀ṣọ́ ara ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbà, ìdá 5 nínú 100. Àwọn dókítà jà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé ìdá 10 lé bẹ́ẹ̀dì oníná lórí. Oṣù keje 2010 ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2014, FDA, àjọ oúnjẹ àti oògùn ti Amẹ́ríkà, tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ lò ó.

Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ yẹn kò lówó tàbí agbẹjọ́rò. Wọ́n ti lo ẹnu wọn fún ohun tí kì í ṣòótọ́, nígbà tí wọ́n wá ní ẹjọ́ gidi láti rò, pé owó orí náà yóò bọ́ sórí àwọn ìsọ̀ kéékèèké, ojú ẹni tó ń ṣe ìpolówó èké ni wọ́n fi wò wọ́n. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà ìpara tó bá jáde sọ pé ìpara abóra kò ní wàhálà ń gba ọ̀nà kan náà lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ kó ìpara mẹ́kúrì kúrò ní ìsọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kó tó lọ sí Sẹkitéríàtì.

Bí àbá òfin bá dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ńkọ́?

Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á jíròrò rẹ̀ ní ìkà kejì, á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó kàn, ìgbìmọ̀ lè pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn, lẹ́yìn náà ni ìkà kẹta. Ẹnu ọ̀nà tiyín wà láàárín ìkà kejì àti ìkẹta. Gómìnà ní 30 ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, aṣòfin 22 nínú 32 lè sọ ọ́ di òfin láì fi tirẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ ìjíròrò, ẹni kan ni kó sọ̀rọ̀. Kó sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó gbé ike méjì dání: ojúlówó àti ayédèrú. Kó pè wọ́n wá wo ìyàtọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ má kó èrò lọ.

Ṣé a kò lè sọ pé oníbàárà ló ń béèrè fún un?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó ń rà á kò mọ̀ pé mẹ́kúrì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lè mọ̀.

Ìdá 77 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà ló ń bóra, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

WHO kọ iye yẹn sínú ìwé tó gbé jáde lórí mẹ́kúrì nínú ìpara ní 2011, gbogbo ayé sì ń tún un sọ. Ẹ má fi àkókò jiyàn lé e lórí níwájú ìjọba. Iye tẹ́ẹ fọwọ́ ara yín kà nínú láìnì ọjà yín lágbára jù ú lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, ọ̀gá àgbà NAFDAC, ti pe bíbó ara ní ọ̀ràn pàjáwìrì ìlera orílẹ̀-èdè ní 2023. Orí ìyẹn lẹ máa bá wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ NAFDAC dé ìsọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kí wọn, ẹ béèrè káàdì iṣẹ́ wọn, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ má ti ilẹ̀kùn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ gbé ọjà sá gba ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá máa kó ọjà, ẹ kà á pẹ̀lú wọn, kí wọ́n kọ iye àti orúkọ rẹ̀, kẹ́ẹ gba ẹ̀dà kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n ní kẹ́ẹ fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe akọ̀wé ẹgbẹ́, kẹ́ẹ sì mú rìsíìtì tẹ́ẹ fi ra ọjà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ rìsíìtì: ọlọ́jà tí kò bá ní í, òun ni wọ́n á pè ní orísun ọjà.

Èmi ń po ìpara nínú ilé. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ń da ìpara steroid, ọṣẹ àti òróró pọ̀ nínú báfù kò mọ iye tó ń lọ sínú ike kọ̀ọ̀kan: ti òkè báfù lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan, kí ti ìsàlẹ̀ sì kún fún un. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìpara tẹ́ẹ rà kì í bá a wọ inú àpòpọ̀ tiyín. Bó bá jẹ́ òrí àti òróró ewéko lẹ fi ń ṣe é, ẹ kọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù sílẹ̀ fún ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ tọ́jú ike kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan pamọ́, kẹ́ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀.

Àwọn kan ní owó ni ká fi rọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́rùn. Ẹ̀yin ńkọ́?

Rìbá ni, òfin ICPC ti 2000 sì mú olùfúnni àti olùgbà. Owó ẹgbẹ́ wà fún àyẹ̀wò, títẹ ìwé àti owó ọkọ̀. Kí gbogbo rẹ̀ gba báǹkì kọjá, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kà á sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé.

Oníbàárà mi ti bóra, ó fẹ́ dáwọ́ dúró. Kí ni kí n sọ fún un?

Bó bá jẹ́ mẹ́kúrì, kó dáwọ́ dúró lónìí, kó fọ aṣọ ìnura àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ steroid tó ti lò fún oṣù púpọ̀, kó má kàn já a lójijì láì rí dókítà: ojú lè wú, kó pọ́n, kó máa jó o bí iná, ìrora yẹn ló sì ń dá ọ̀pọ̀ padà sídìí ike. Kó lọ rí dókítà awọ ara ní UCH, kó sì gbé ike náà dání. Ẹ má tà òmíràn fún un láti fi tún un ṣe.